Ìwé Ìyá Olórin Tí Wọ́n Ti Ohùn Rẹ̀ Mọ́lé

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí gbóná, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ.

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń sá tọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti wọ́n mọ́ta. Kì í kàn ṣí i bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ pe aládùúgbò: "Ṣé ẹni yìí ló nilé?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kíá, ilẹ̀kùn á ṣí.

Àṣé ilẹ̀kùn kan ń bẹ nílé tirẹ̀ tí apá rẹ̀ kò ká.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Olórin, ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ojú rẹ̀ ti fọ́, fóònù ló ń bá a kàwé sókè. Àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní bí kò bá mọ orin tuntun kí ọjọ́ orin àwọn ọmọ tó dé, àwọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ló bá ra ìwé orin sórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, ìwé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Baálé mi, àbí òtútù ló mú fóònù yìí?" Ó ti fi ìborùn wé e!

Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó gbé e lọ bá Oníṣẹ́ Fóònù.

"Ara rẹ̀ le, Bàbá. Àwọn tó ta ìwé náà ló fi àgádágodo orí ẹ̀rọ ti ohùn rẹ̀, nítorí àwọn tó ń jí ìwé tà. Màá já a. Màá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ká máa tà á níwájú ṣọ́ọ̀bù."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o tà á?" Bàbá jágbe. "Ẹni tó kọ orin kò ha lẹ́nu tó fi ń jẹun? Olè nìyẹn! Àwọn tó tà á fún wa náà ńkọ́? Wọ́n gbowó afọ́jú tán, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta! Kí la jí?"

Ó fìbínú mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìkàwé. Olùtọ́jú ìwé, obìnrin kan, wo fóònù náà.

"Ta ló ni ìwé yìí, Bàbá?"

"Ìbéèrè tèmi rèé!" Bàbá fi rísíìtì hàn án.

"Ó dáa. Kéèyàn lo ohun tó rà yàtọ̀ sí kó máa ta ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ibòmíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ ni jíjá àgádágodo, ìwé ìbáà jẹ́ tiyín."

"Kí n ṣí ilé ara mi?"

"Ó ń bí èmi náà nínú, sà. Ìdí rèé tí a fi ń jà kí wọ́n tún irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe. Níbí, wọ́n gba ilé ìkàwé láyè láti fún afọ́jú ní ẹ̀dà tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó."

Kò pẹ́, ìwé lanu. Ìyá Olórin bú sórin:

*Owó mi kò yadi nígbà tí ẹ gbà á,*
*Kí ló dé tí ìwé mi yadi?*

Lọ́jọ́ orin, òun náà ló ṣíwájú àwọn ọmọ. Oníṣẹ́ Fóònù pàápàá ń jó.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ra ìwé jíjí, ẹ má sì tà á. Bí wọ́n bá ti ohun tí ẹ fowó yín rà mọ́ yín, ẹ má gbé e fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di ọjà. Ẹ béèrè ohun tí òfin ìlú yín wí nílé ìkàwé. Bí òfin náà bá rorò, ẹ má dákẹ́. Ẹ pariwo sétí àwọn aṣòfin.

Lọ́jọ́ orin náà, wọ́n gbé oúnjẹ wá, ọmọdé jẹ, àgbà jẹ. Ìyá Olórin fọwọ́ kọ́ apá ọkọ rẹ̀, oníkálùkù yó, ó forin sẹ́nu lọ sílé.