Ẹsẹ̀ Tó Ń Gbọ́ Òòlù

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni ọmọbìnrin náà ń rìn bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Màpó, ó di bàbá rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Sàláúdéènì, tó ń fi òòlù igi lu aṣọ aláró kó lè dán, gbójú sókè, ó rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Bàbá náà dúró gbagidi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró," ni ọmọbìnrin náà wí. "Òòlù yín ni bàbá mi fi ń rìn."

Sàláúdéènì tún lu aṣọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di igi gbéra nílẹ̀, ó tún gbéra. Ohun ìyanu gbáà ni. Oògùn òyìnbó ti ṣe tirẹ̀, àgbo ti ṣe tirẹ̀, òòlù aláṣọ ló wá pe ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi dáhùn.

Ọdún tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ nìyẹn. Kúlúsúmù ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì lorúkọ ọmọbìnrin náà. Àkíbù, bàbá rẹ̀, ló ń ta awọ l'Ọ́jà'ba kí àìsàn tó dá a dúbúlẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wá. Sàláúdéènì á rọra máa lù kí ẹsẹ̀ lè bá a. Nígbà tó yá, ó mú un yára díẹ̀.

"Aṣọ kan náà lẹ ti ń lù láti àná," Kúlúsúmù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé kò ní ya?"

"Bó bá ya, wàá bá mi rán an."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàláúdéènì dárúkọ ìgbéyàwó, omi bọ́ lójú Kúlúsúmù. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ni bàbá bí, bàbá kò sì gbà láti lọ jókòó nílé àna.

"Mo fẹ́ràn rẹ, àyànfẹ́ mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa dì í mú?"

Wọn ò mọ̀ pé bàbá gbọ́.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan, bí wọ́n ti ń bọ̀, Àkíbù fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yọ. Kúlúsúmù nawọ́ sí i, bàbá kọ̀. Òòlù ń dún. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbé ọ̀tún, títí ó fi pé ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó dé iwájú Sàláúdéènì, ó fi ètè rẹ̀ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wí pé:

"Mo... fi... ọmọ mi... fún ọ."

Sàláúdéènì ju òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kúlúsúmù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Bàbá gbàdúrà fún wọn, ó yíjú padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá nìkan rìn lọ sílé. Òòlù kankan ò dún. Kúlúsúmù ò dìde tẹ̀ lé e.