Omi Ẹ̀gẹ́ Nínú Odò Ọbà

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1987 ni Zulaikha sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Odò Ọbà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó lè ra ẹja lọ́wọ́ apẹja kan. Ó nawọ́ sí èyí tó tóbi jù nínú igbá.

"Má rà á," ni apẹja náà wí. "Èmi kọ́ ni mo pa á. Ńṣe ló kú fúnra rẹ̀, tó léfòó."

Ẹ̀rín pa Zulaikha. "Kí lo wá pàtẹ ẹ̀ fún?"

"Kí n má baà jókòó lásán."

Saifudeen lorúkọ rẹ̀. Kí òjò tó dé, Zulaikha ti ń fi oríkì pè é ní Àlàmú, òun náà ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ mi.

Ìyá Zulaikha, tó ń ṣe gààrí lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò fẹ́ gbọ́. "Apẹja tí kì í rí ẹja pa! Kí ni yóò fi bọ́ ọ? Ìfẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Saifudeen wọra. Ó pinnu láti wá ohun tó ń pa odò. Ó tọ ìṣàn kan tó ń wọ Ọbà, ó rìn lọ sókè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Bó ṣe ń lọ ni omi ń dúdú sí i, tó ń rùn kíkan. Ẹ̀yìn ibi tí ìyá Zulaikha ti ń fún ẹ̀gẹ́ ló já sí.

Kò bá ìyá náà jà. Zulaikha ló lọ bá. "Àbẹ̀kẹ́, omi ẹ̀gẹ́ yín ni. Tiyín, àti ti àwọn aládùúgbò yín."

Ojú ti Zulaikha. Inú òórùn yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kòtò fún omi yìí. Oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ là ń bà jẹ́."

Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti bó.

"Omi yìí ló rán ọ níléèwé," ni ó wí. "Ká ní mo mọ̀ ni…"

Ó gbẹ́ kòtò náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ní kí Saifudeen kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò kò gbẹ́ tiwọn. Ìlú le, ta ló ń ro ti odò? Ẹja kò padà. Saifudeen fi odò sílẹ̀, ó lọ ń ru pákó ní Ọ̀yọ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti so yìgì wọn, láìsí ariwo.

Nígbà tí àlejò ti lọ tán, Zulaikha bá ọkọ rẹ̀ lórí ẹní, tó na ẹsẹ̀, tó fọwọ́ lérán.

"Àlàmú, ṣé inú rẹ kò dùn ni?"

"Inú mi dùn, Àbẹ̀kẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Zulaikha tú gèlè, ó jókòó tì í.

"Ó rẹ èmi náà," ni ó wí. "Sún mọ́ mi. Kó jọ máa rẹ̀ wá."