Mọ́tò Iná Mẹ́rin àti Korobá Omi Kan

Korobá omi kan ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan fi kí olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ó ń gbé pákó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ló bá rí omidan kan tó tẹ orí sínú èéfín bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó gbé korobá ẹnu ọ̀nà, ó da omi rẹ̀ lu tábìlì àti omidan pọ̀.

"Yéè! Bọ̀ọ̀dá, bọ́ọ̀dù iná kan ṣoṣo ló jó nínú mẹ́rin. Ẹ ti wá bá mi pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!"

Ẹnu yà á. Èyí tó tún yà á lẹ́nu jù ni pé ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Kí ni mo lè fi bẹ̀ yín?"

"Ẹ kan tábìlì míì fún mi."

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ òdòdó sára pákó ni ọmọbìnrin náà ń ṣe. Mọ́tò iná kéékèèké mẹ́rin, tí iná mànàmáná ń yí, ni yóò máa gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀. Méjì nínú wọn ló di igi ìdábùú tó gbé ọ̀bẹ mú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ rìn ni. Kí tábìlì tó parí, "ẹ" ti di "ìwọ", bọ̀ọ̀dá sì ti di "Oníkorobá mi".

Àmọ́ bàbá tó bí gbẹ́nàgbẹ́nà, tó ti ń fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀kùn títí irun rẹ̀ fi funfun, yarí kanlẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra. "Ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi lo fẹ́ fẹ́?"

"Ẹ kàn wá wò ó, bàbá."

"Màá wò ó. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ ìgbéyàwó létí mi mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá fẹ́ wá wò ó, gbẹ́nàgbẹ́nà rí i pé apá kan náà ni mọ́tò méjèèjì tó di igi ìdábùú mú kọjú sí. Ojú rẹ̀ kò gbà á. Ó tú ọ̀kan, ó yí i kí wọ́n lè kọjú síra bí ilẹ̀kùn méjì. Ó dára lójú rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí bàbá dé, ọmọbìnrin náà tan iná ẹ̀rọ. Apá ọ̀tún igi lọ síwájú, apá òsì gba ẹ̀yìn lọ. Igi náà lọ́, ó dún gbàgà, ó há.

Ọmọbìnrin náà wo mọ́tò, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀, ó mọ ẹni tó yí i. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀bi mi ni."

Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ pé ọmọbìnrin náà fẹ́ràn òun, kò mọ̀ pé ó tó báyìí. "Irọ́ ni! Èmi ni mo yí i, kó lè rẹwà. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wo igi tó há. "Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà nawọ́ sí wáyà, ọmọbìnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ṣé o tún fẹ́ pa bọ́ọ̀dù mi ni? Iná ṣì wà lára rẹ̀!" Ó pa iná, ó yọ ẹnu wáyà mọ́tò tí wọ́n yí, ó dojú rẹ̀ kọ òdì kejì kí mọ́tò lè máa yí bíi ti èkejì, ó sì tún un kì bọ̀ ọ́. Ó tún tan iná. Igi náà rìn gbọọrọ, òdòdó kan sì yọ lójú pákó.

Bàbá na ìka, ó fi kan òdòdó náà. "Etí rẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun. Ó ṣì máa nílò ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ yín náà ni yóò parí rẹ̀, bàbá," ni ọmọbìnrin náà dáhùn.

"Ó dáa. Ìyàwó wa, tún un tàn."

Àwọn méjèèjì la ẹnu sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tan iná. Omijé ń bọ́ lójú gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Àbí ẹ ò gbọ́ ni?" bàbá ní. "Mo ní kí ìyàwó wa tún un tàn."