Irọ́ Tí Tẹ́ẹ́rẹ́ Pa Mọ́ Ilé Ìpọntí Afínjú

Orúkọ tó wà lórí ìwé náà ló mú kí ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró. Ó ti parí ìdánwò àṣejáde, ó sì ń ṣiṣẹ́ ránpẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí èsì tó jáde. Òun ló ń to ìwé àwọn tó ń tọrọ àṣẹ láti dá òwò sílẹ̀. Ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣí ilé ìpọntí kékeré sí àárín ìgboro. Afínjú ni.

Ta ni kò mọ Afínjú nílé àwọn Tẹ́ẹ́rẹ́? Òun àti bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́ jọ ń pọn bíà níbì kan náà tẹ́lẹ̀. Bàbá ló tilẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Afínjú fi àgbá ńlá kan sílẹ̀ láìfọ̀, ó da ọtí tuntun sínú rẹ̀. Àwọn tó mu ún dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí ọ̀gá wọn ń wá ẹni tó jẹ̀bi, Afínjú tọ́ka sí bàbá, ó sì fi omijé kún un. Wọ́n lé bàbá bí ẹni lé ajá tó jí ẹran. Láti ìgbà náà, bàbá tó máa ń kọrin bó bá ń fá irùngbọ̀n kò kọrin mọ́.

“Ó dáa,” ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí sínú. “Ọwọ́ mi lo bọ́ sí.”

Ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ìwé náà jẹ́ obìnrin tí kì í gba ohun tí kò fojú ara rẹ̀ rí gbọ́. Ó mú Tẹ́ẹ́rẹ́ dání lọ wo ilé náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wá àléébù kiri bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ, kò rí. Àwọn àgbá ń dán, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, omi ìdọ̀tí sì ń gba inú páìpù lọ sí kòtò tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí. Afínjú tẹ̀ lé wọn kiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ọmọ yìí jọ ojú ẹnì kan tí òun mọ̀. Ẹ̀rín yẹn ló da epo síná.

Ọ̀gá ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìpàdé yóò wà, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé náà ni ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan wà, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń ṣeré létí gọ́tà. Tẹ́ẹ́rẹ́ sún mọ́ olùkọ́ àgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mà, ẹ má sọ pé èmi ni o. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń fọ àgbá, inú gọ́tà yín yìí ni wọ́n máa dà á sí. Etí mi báyìí ni Afínjú ṣe sọ ọ́.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti ràn káàkiri àdúgbò bí iná ìgbẹ́.

Nílé, ó sọ fún bàbá pé Afínjú ń tọrọ àṣẹ, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí òun ti ṣe. Bàbá béèrè bóyá wọ́n máa ń wádìí ìwà ẹni tó ń tọrọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Èmi náà á wá,” ni bàbá wí. “Mo ti dákẹ́ tó.”

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn òbí kò jẹ́ kí Afínjú gbin. Òógùn rin ọrùn ẹ̀wù funfun rẹ̀ gbingbin. Tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, ó ń wo Afínjú bí ológbò tó ká eku mọ́ kọ̀rọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́.

“Mo fojú mi rí páìpù yẹn. Kò gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín kọjá rárá. Ta ló sọ ọ́ fún yín?”

Olùkọ́ àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ọmọ ọ́fíìsì yín tó jókòó tì yín yẹn ni.”

Ọ̀gá bi Tẹ́ẹ́rẹ́ bóyá òótọ́ ni. Ọmọ náà dorí kodò, gbogbo ilé sì mọ ìdáhùn.

Ìgbà náà gan-an ni bàbá dìde láti ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àgbá tí wọn kò fọ̀, ti àwọn tó ṣàìsàn, àti ti irọ́ tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Afínjú kò jẹ́ kó parí.

“Ẹ ò rí i báyìí? Bàbá ọmọ náà nìyí. Inú ilé ni wọ́n ti jọ gbìmọ̀ rẹ̀ wá.”

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹni bíni là á jọ. Ọ̀gá béèrè bóyá bàbá ní ẹlẹ́rìí, kò ní. Ó rọra jókòó. Wọ́n fún Afínjú ní àṣẹ, wọ́n sì ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ má padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé wọn, bàbá yíjú sí i.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìgboyà tí mo fi dìde lónìí,” ni ó wí. “Òótọ́ nìkan ni mo ní tí mo lè fi bá ọkùnrin yẹn jà. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá fà á dìde, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti tán. Ìbínú sí Afínjú ṣì ń jó ọmọ náà lọ́kàn, àmọ́ ohun tó ń ta á jù ni pé ohun tí Afínjú ṣe lòun náà ṣe: ó purọ́ mọ́ ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fi irọ́ bá yín jà, ẹ má fi irọ́ gbẹ̀san lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ bàbá ti wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ló gbégi dínà fún un.