Àga Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ọjọ́ tí Kóòṣì Wendell Tolliver kọ́kọ́ wọ ilé Earline Mabry, oorun ló sùn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni ọkùnrin náà ti ń wakọ̀, ilé bíi mélòó kan ló sì ti yà kó tó dé Belzora, ìlú Earline. Gbogbo ibi tó yà ni wọ́n ti bu oúnjẹ fún un, torí kò sí ìyá kan ní Misisípì tó máa jẹ́ kí kóòṣì tó wá wo ọmọ òun lọ láìjẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó máa wá àwọn ọmọkùnrin tó ga, tó sanra, tẹ́sẹ̀ wọn sì yá, kó kó wọn lọ sí yunifásítì, kó sọ wọ́n di ará iwájú nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Àwọn ará iwájú ni òmìrán tó máa ń tò síwájú ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fi àyà dínà kí ọ̀tá má baà gbé e ṣubú. Àwọn fúnra wọn kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ń pariwo orúkọ wọn, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣàṣìṣe.

Kendrell, ọmọ Earline, wà lára irú wọn. Kò tíì jáde ilé-ìwé girama, ó sì ti ní láti tẹrí ba kó tó wọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Àwọn kóòṣì mìíràn ti wá wò ó, aṣọ wọn ń dán, eyín wọn ń dán. Wọ́n ní á di olókìkí lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní búrẹ́dì àgbàdo Earline dùn ju ti ìyá àwọn lọ.

Eléyìí ò sọ ìkankan nínú ẹ̀. Ó ní kí Kendrell dìde dúró láàárín pálọ̀.

"Jókòó."

Kendrell wẹ̀yìn. "Síbo, Kóòṣì?"

"Sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ."

"Kò sí àga lẹ́yìn mi."

"Mo mọ̀. Jókòó sórí ẹ̀."

Ọmọ náà tẹ orúnkún, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbọnrangandan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí itan rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Kóòṣì mi orí.

"Ìyá Kendrell, mi ò ní parọ́ fún yín. Kò ní ṣeré lọ́dún àkọ́kọ́. Bóyá lọ́dún kejì pàápàá. Á máa jẹun, á máa gbé irin, á tún ìrìn kọ́ bí ọmọ ọwọ́. Á sunkún. Á pè yín pé òun fẹ́ wálé. Ẹ má jẹ́ kó wálé."

Earline wò ó dáadáa. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ òótọ́ nínú pálọ̀ yẹn. Ó bu oúnjẹ fún un, ó tún padà sínú ilé ìdáná lọ po tíì, ìgbà tó sì máa fi padà dé, ohùn Kendrell ló gbọ́.

"Màmá, ẹ wá wò ó o! Kóòṣì ti sùn!"

Àwo wà lórí itan ọkùnrin náà, fọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Earline wí. "Jẹ́ kó sùn."

Òun náà ti wà lórí ìdúró láti ìdájí nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja àrọ̀, òórùn ẹja ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra yọ fọ́ọ̀kì náà, ó gbé àwo kúrò, ó jókòó sí òdìkejì. Bàtà ọkùnrin náà ló ń wò. Gìgísẹ̀ tọ̀tún ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹná mọ́tò lójoojúmọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Kò pẹ́, oorun gbé Earline pẹ̀lú, Kendrell wá jókòó láàárín àgbà méjì tó ń hanrun, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n láìgbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí Kóòṣì jí, ó fọwọ́ bojú. "Ìyá Kendrell, ojú tì mí."

"Ojú tì yín kẹ̀? Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó kọ́kọ́ ń pè torí Kendrell: ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń kàwé. Nígbà tó yá, ó ń pè láìní ìdí. Earline á bọ́ ìbọ̀wọ́, á lọ dúró lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ lásìkò ìsinmi, tẹ́lifóònù á wà létí rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ lu epo ẹja tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Kí lo jẹ? Níbo lo dé? Ṣé ẹ̀yìn ṣì ń dùn ẹ́?

"Ìyàwó mi kó jáde nílé," ni Wendell sọ lọ́jọ́ kan. "Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ kan! Ibo lo lọ?"

"Ojú ọ̀nà. Mò ń wá ọmọ ọlọ́mọ kiri."

Earline rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ọkọ tirẹ̀ tó ti dolóògbé, awakọ̀ akẹ́rù ni. Ojú ọ̀nà ló mú un lọ. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ní fẹ́ràn ọkùnrin tó ń gbé ojú ọ̀nà mọ́ láyé òun.

"Earline."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀.

"Háà! Èmi kọ́ ni Ìyá Kendrell mọ́?"

"Ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń wakọ̀, Ìyá Kendrell kọ́ ni mò ń rò."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gé ẹja, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Kendrell sọ nídìí oúnjẹ pé, "Kóòṣì tó sùn nílé wa ni mò ń bá lọ. Òun nìkan ni kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí."

Inú Earline dùn. Ó yẹ kó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Otha, díákónì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó jókòó ti adìẹ díndín nílé Earline, ó nu ọwọ́, ó ní:

"Earline, ta ni ọkùnrin yẹn ń wá gan-an? Ọmọ ni àbí ìyá?"

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Mò ń jẹun, mo sì ń béèrè. Gbogbo ìjọ ló ń béèrè. Wọ́n ní ọmọ rẹ lo fi ń fa ọkọ wọlé."

"Àwọn ta ni?"

"Ṣé kí n máa dárúkọ wọn ni? Gbọ́ tèmi. Á máa pè ẹ́ títí dọjọ́ tọ́mọ máa fọwọ́ síwèé pé yunifásítì wọn lòun ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, gbé tẹ́lifóònù rẹ síwájú ara rẹ, kó o wá wò ó bóyá á dún."

Earline gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Wendell wá dúró dè é níwájú ilé-iṣẹ́, tí Earline wọnú mọ́tò rẹ̀ tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó rí i pé nǹkan ń jẹ Wendell náà lọ́kàn.

"Ọ̀gá mi ti gbọ́ nípa wa," ni Wendell wí.

"Kí ló sọ?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ti mú ìyá ti mú ọmọ."

"Kí lo wá fi dá a lóhùn?"

"Mi ò fèsì. Ibi iṣẹ́ ò fararọ. Bí mi ò bá mú ojúlówó ará iwájú kan wálé lọ́dún yìí, wọ́n máa lé mi ni."

Earline ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wọ mọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ̀ ẹ́. Gbogbo egungun ara rẹ̀ ló rẹ̀.

"Wendell, bí mo bá ní kí Kendrell lọ síbòmíì, ṣé wàá ṣì máa wá mi?"

Wendell di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni pé mọ́tò náà ń lọ.

"Mi ò mọ̀, Earline. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ mi ò fẹ́ parọ́ fún ẹ. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń wọ ilé onílé tòun ti ọjà lẹ́nu. Mi ò mọ irú ẹni tí mo jẹ́ tí kò bá sí nǹkan tí mò ń tà."

"Ó ti tó," ni Earline wí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí Kendrell gba yunifásítì kejì tó ti wá wò ó, èyí tó wà lápá àríwá ìpínlẹ̀ náà.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ orí mi ló máa fọ́ sí?"

Earline jókòó tì í. "Torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò ẹ́ níbẹ̀ kó ní ìyá ẹ ni wọ́n fi mú ẹ. Kóòṣì tó mọṣẹ́ wà níbi kejì náà. Ẹsẹ̀ ẹ yìí náà lo máa gbé lọ."

Kendrell wọ yàrá, ó sunkún títí ibùsùn rẹ̀ fi ń dún. Earline dúró nídìí omi ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí omi máa tú jáde kí ọmọ má baà gbọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ ìfọwọ́síwèé dé. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, Kendrell dé fìlà yunifásítì kejì, wọ́n ya fọ́tò. Kò rẹ́rìn-ín. Earline fọwọ́ síwèé ní ìsàlẹ̀ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ara òun ò yá, kì í sì í ṣe irọ́. Ó gbé tẹ́lifóònù sórí tábìlì ìjẹun, ó jókòó tì í. Òwúrọ̀ kọjá, kò dún. Ọ̀sán pọ́n, kò dún. Lẹ́yìn ọ̀sán, Otha wọlé.

"Ṣé ó dún?"

"Kò dún."

Otha ti mú ẹnu dání láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí ojú àbúrò rẹ̀, ẹnu náà sì rọ̀. Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Kò wù mí kó jẹ́ òótọ́, Earline. Ọlọ́run gbọ́."

Bí oòrùn ṣe ń lọ sílẹ̀, mọ́tò akẹ́rù ògbólógbòó kan wúkọ́ dé iwájú ilé, iná rẹ̀ kan ò tàn. Wendell ló sọ̀ kalẹ̀. Earline ò tètè dá a mọ̀. Kò tíì rí i rí láìsí àmì yunifásítì láyà aṣọ rẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ lónìí ò ní àmì kankan.

Otha ló ṣílẹ̀kùn. "Kí lo tún wá tà?"

"Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi, sà. Wọ́n lé mi lánàá. Wọ́n gba mọ́tò, wọ́n gba fóònù. Inú fóònù yẹn ni nọ́ńbà Earline wà, mi ò mọ̀ ọ́n sórí."

"O ò mọ̀ ọ́n sórí!" Otha yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ẹ gbà mí. Ó ń pe èèyàn lójoojúmọ́, kò mọ nọ́ńbà!"

Earline ti dé ẹnu ọ̀nà. "O ní o ò mọ̀ bóyá wàá wá."

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Lónìí, mo wakọ̀, mi ò ní ọmọ kankan tí mò ń lọ wò, mo sì rí i pé ibí ṣì ni mò ń bọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ó dun Earline láti gbà á gbọ́, ó sì dùn ún láti má gbà á gbọ́. Kendrell gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí ìta, ó dúró níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ ò ní kọ́ mi mọ́, Kóòṣì."

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo wo eré tó o ṣe kẹ́yìn. Gìgísẹ̀ òsì rẹ ń gbéra nílẹ̀. Tó o bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ sẹ́yìn máa dà ẹ́ nù bí omi ìdọ̀tí. Wá síbí."

Wọ́n lọ sínú koríko ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," Otha ké mọ́ ọn, "ṣó o mọ̀ pé àwọn ọmọ tìẹ lo ń kọ́ ọ láti nà?"

"Mo mọ̀, sà. Kendrell, jókòó. Sọ̀ kalẹ̀ sí i. Gìgísẹ̀! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ tẹ orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà láti fi hàn án. Orúnkún àgbà náà dún pẹ́kẹ́, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò wá lè gòkè mọ́. Ó wà níbẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa gìgísẹ̀ ọmọ.

Earline ń wò ó. Ọmọ náà ti fọwọ́ síwèé. Iṣẹ́ ti lọ. Kò sí èrè kankan tí ọkùnrin yìí lè rí nínú orúnkún Kendrell mọ́, síbẹ̀, ẹ wò ó nílẹ̀.

Ó wọlé. Ó gbé àga kan nídìí tábìlì ìjẹun, ó gbé e kọjá lójú Otha, ó fi sẹ́yìn Wendell nínú koríko.

"Wendell."

"Hùn?"

"Jókòó."

Ó gbìyànjú láti wẹ̀yìn. "Síbo?"

"Sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ. Èyí wà níbẹ̀."

Kendrell fà á lápá, Wendell sì jókòó. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ojú Earline pẹ́. Earline gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sì gbé e kúrò.

"Ó yá, Kendrell," ni Wendell wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kendrell sọ̀ kalẹ̀, gìgísẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí ìyìn. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ gbà mí o!" ni Otha kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ó tún ti sùn!"

"Bùọ̀dá, ẹ rọra. Ẹ bá mi mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá."

Earline bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà ọkùnrin náà, ó bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn, ó sì gbé bàtà náà wọnú ilé.