Ọ̀rọ̀ tí Àsíátù Sọ ní Ọdún Ọ̀dá

"Igi ìdáná ló gbá mi lójú," ni Àdìjátù wí, ó sì fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú.

Obìnrin tó bi í léèrè ń kọ ọ́ sínú ìwé. Dókítà Ìyápọ̀ ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní yunifásítì. Láti ọjọ́ mẹ́jọ ló ti ń wọ ilé kiri ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó ń ṣèwádìí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbé ilé wọn ró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, lẹ́yìn tí òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀ dáadáa. Ó ti béèrè iye ebè tó gbẹ. Ó ti béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ó wá kan bóyá àlàáfíà wà nínú ilé.

Àsíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó mọ̀ pé kò sí igi ìdáná kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ràmọ́nì, bàbá rẹ̀, kì í ṣe oníjà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣu kú sínú ebè, tí iná pápá sì jó àká ọkà bàbà tó kù, ara rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní oúnjẹ ti tán, a máa rò pé ó ń bú òun ni. Ní ìjẹta, ìgbájú ló fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló nàka sí Àsíátù.

"Ọ̀rọ̀ ilé yìí kò gbọdọ̀ dé ìta. Bí mo bá gbọ́ ọ níta, o ò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́."

Ìdánwò àṣejáde Àsíátù sì ku oṣù méjì péré.

"Ìyá Àsíátù, ẹ má bínú," ni Dókítà Ìyápọ̀ wí. "Nínú ogójì ilé tí mo ti wọ̀, obìnrin mọ́kànlá ló ti sọ fún mi pé igi ìdáná ló gbá àwọn."

Ọwọ́ Àsíátù dúró lórí ẹ̀wà. "Irọ́ ni, mà. Bàbá mi ló lù wọ́n."

"Àsíátù! O dójú tì mí!" Ẹkún gba ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Dókítà Ìyápọ̀ gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Mo lè kọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé mi kò lè di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Ta ni bàbá rẹ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu?"

"Bàbá Ládòkun, ẹ̀gbọ́n wọn."

"Ìyá Àsíátù, ṣé ẹ fẹ́ kí a lọ bá wọn?"

Àdìjátù sunkún títí. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì bọ́ síwájú wọn lọ sílé Ládòkun.

Lẹ́yìn tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, Ládòkun ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?" ni Ràmọ́nì wí. "Ọkùnrin tí kò rí oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ọkùnrin wo nìyẹn?"

"Iná yẹn jó oko tèmi náà," ni Ládòkun dáhùn. "Ta ni mo lù?"



Ládòkun ní kí Àdìjátù lọ gbé lọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀ ní Irawo fún ìgbà díẹ̀. Àsíátù kò lè jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nìkan lọ, ó sì bá a lọ. Irawo sì jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ìdánwò láìsí i níbẹ̀. Àríyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá kí i. "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á," ló wí. "Ṣé ìwọ nìkan ni bàbá rẹ̀ ń bínú ni?" Ọ̀rọ̀ náà dun Àsíátù dé egungun.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń di irun fún un. "Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ti ń sùn báyìí. Ó pẹ́ tí mo ti sùn gbẹ̀yìn."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ràmọ́nì gun kẹ̀kẹ́ wá sí Irawo láti bẹ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Àdìjátù jáde sí i. "Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ ni wàá ti sọ ọ́," ló wí. Níwájú Ládòkun ni Ràmọ́nì ti ṣèlérí pé òun kò ní gbọ́wọ́ sókè sí i mọ́, àti pé Àsíátù lè padà sí ilé ẹ̀kọ́. Tìyá-tọmọ sì padà sílé. Ràmọ́nì kò sì lu ìyàwó rẹ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún kan kí ó tó fi ọ̀yàyà pe orúkọ Àsíátù. Ní ọdún 1984 ni Àsíátù ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege.

Kò sí ẹni tó lè bá ọ̀dá ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi lu ènìyàn, ẹni tó ni ín wà, ó sì lè dá a dúró. Bí wọ́n bá ń lu ẹnìkan nínú ilé yín, wá àgbàlagbà tó ṣeé fọkàn tán, kí o sọ fún un. Ó lè mú ìnira bá ọ. Odidi ọdún kan ni Àsíátù pàdánù, kò sì kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ rí.