Ọmọ Àwọn Ará Àgọ́ Kejì

"Alága, fi bàtà yẹn sílẹ̀!"

Alága kò fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kó nǹkan kan sínú báàgì, òun náà á fà á jáde, á jù ú sábẹ́ tábìlì ìránṣọ, á sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Bàbá wọn ló sọ ọ́ ní Alága, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe nínú ilé náà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, àgàgà bí nǹkan ọ̀hún bá jẹ́ ọbẹ̀.

Àǹtí ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ lẹ́yìn tó bí Alága, Àǹtí ló ń fún ọmọ náà lóúnjẹ tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló sì ń pọ̀n ọ́n títí yóò fi sùn. Nítorí náà, nígbà tí Alága bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èèyàn méjì ló ń pè ní Mọ́mì: ìyá tó bí i, àti ẹ̀gbọ́n tó ń pọ̀n ọ́n. Nínú ilé, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa wọ́n. Níta, ojú máa ń ti Àǹtí.

"Ṣé ẹ ò tíì ṣetán ni?" Bàbá wọn tẹ fèrè ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá wọn. Mẹkáníìkì ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣèlérí pé bí Àǹtí bá parí ìdánwò, gbogbo wọn á lọ pàgọ́ létí adágún omi. "Bí ẹ bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, oníbàárà kan á gbé ọkọ̀ tó bà jẹ́ dé o!"

Ìyá wọn gé òwú tó gbẹ̀yìn, ó ká yẹ̀rì tó ń rán, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọgbà ìpàgọ́ náà dára. Àwọn àgọ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lábẹ́ àwọn igi, omi ń dán yanranyanran níwájú wọn. Bàbá wọn tú ẹrù sílẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè.

"Èmi tí mò ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí mo sì ń tò ó padà, ṣé aṣọ àti irin ló máa wá yọ mí lẹ́nu?"

Kò pẹ́ tí àgọ́ fi wó lé e lórí. Alága rò pé eré ni, ó fò lé bàbá rẹ̀ láti òkè.

"Irin kan ti sọnù!" ni ohùn Bàbá wí lábẹ́ aṣọ.

"Kò sọnù," ni Àǹtí dáhùn. "Alága ló ń fi í lu ìkòkò."

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, kí n kúkú rán an mọ́ yín lára." Lẹ́yìn náà, ó gbé korobá. "Àǹtí, mò ń lọ pọnmi níbi ẹ̀rọ. Ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára Alága o. Adágún kò jìnnà síbí."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ tán ni ó gbọ́ ariwo láti pápá tó wà lẹ́yìn àwọn igi. Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ń fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí àwọ̀n. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn: ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, ọmọ gíga tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Ìlúmọ̀ọ́ká. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà ní kíláàsì, Ìlúmọ̀ọ́ká kò tíì pè é sí eré rí.

"Ìwọ rèé!" ni Ìlúmọ̀ọ́ká ké. "Máa bọ̀, ẹnì kan ló kù wá kù!"

Inú Àǹtí dùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni Alága di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó sì kígbe: "Mọ́mì! Mọ́mì, gbé mi!"

Bọ́ọ̀lù dúró. Àwọn ọmọbìnrin náà wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì kẹ̀!" ni Ìlúmọ̀ọ́ká wí. "Ìgbà wo lo bímọ tí o kò pè wá?"

Ojú gba Àǹtí tì. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. "Ta ni ìyá rẹ̀? N kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ àwọn ará àgọ́ kejì ni. Ó kàn máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn ni."

Ó fa Alága padà sí ìdí àgọ́, ó gbé e jókòó lórí ẹní, ó sì fi ṣíbí lé e lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ wà nínú àgọ́, ó fi eyín di èèkàn méjì mú.

"Bàbá, Alága wà lọ́dọ̀ yín o!"

"Hùn," ni Bàbá wí.

Àǹtí mọ̀ pé hùn yẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ó wù ú kó jẹ́ ìdáhùn, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sáré lọ.

Eré náà dùn. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí i ló ń dá padà. "A kò mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n gbá tó báyìí!" ni wọ́n ń sọ, orí rẹ̀ ń wú. Ariwo wọn ga débi pé wọn kò gbọ́ nǹkan mìíràn, àfìgbà tí ohùn obìnrin kan la ariwo náà kọjá.

"Alága o! Alágaaa!"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Àǹtí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tó dé ìdí àgọ́, ṣíbí nìkan ló wà lórí ẹní. Korobá ti dojú dé, omi ti dà sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà nínú adágún dé orúnkún, tòun ti bàtà, ó ń ya koríko etí omi sọ́tùn-ún sósì.

"Ṣebí ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Àǹtí yí padà, ó sáré lọ sí ọ̀nà ẹnu géètì ọgbà, bóyá ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ti rí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìlúmọ̀ọ́ká sáré tẹ̀ lé e.

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́nu géètì, Alága jókòó sórí tábìlì pẹ̀lú fìlà ẹ̀ṣọ́ ọgbà lórí, bísíkíìtì kún ẹnu rẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ kákì ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

"Ọpẹ́ o!" Àǹtí na ọwọ́ sí i. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Àbúrò mi ni."

"Àbúrò rẹ báwo?" ni Ìlúmọ̀ọ́ká bi í, ó yà á lẹ́nu ní tòótọ́. "Ṣebí o ní ọmọ àwọn ará àgọ́ kejì ni, pé o kò mọ̀ ọ́n rí?"

Ẹ̀ṣọ́ náà rọra fa ọmọ mọ́ra. Ó bi Alága pé: "Bàbá kékeré, ta nìyí?"

"Mọ́mì," ni Alága dáhùn, ó sì na bísíkíìtì sí Àǹtí.

"Ó dáa," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "O kò mọ̀ ọ́n rí, àbúrò rẹ ni, ìwọ náà sì ni ìyá rẹ̀. Má bínú, ọmọ mi, n kò ní fi í lé ọ lọ́wọ́. Ọmọ kì í ṣe agbòjò, tí à ń gbàgbé sílẹ̀ bí òjò bá ti dá. Ẹ̀yìn igi tó wà létí pápá yín ni mo ti bá a. Ó ń sunkún, ó ń pe Mọ́mì. Lọ pe ẹni tó bí i wá."

Etí pápá. Ó yé Àǹtí nígbà náà pé òun ni ọmọ náà ń wá, òun ló ń pè, nígbà tí òun ń fò gbá bọ́ọ̀lù. Ó sáré padà kọjá gbogbo àgọ́, ó ń ké láti òkèèrè pé: "Wọ́n ti rí i! Wọ́n ti rí i!"

Nínú yàrá ẹ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀ gba Alága mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro tótó láti inú bàtà rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò gbé e wá fún wa?" ni ìyá rẹ̀ bi Àǹtí.

Ẹ̀ṣọ́ náà wo Àǹtí. Ìlúmọ̀ọ́ká náà ń wo ilẹ̀. Bí Àǹtí bá fẹ́, ó lè wá irọ́ mìíràn pa.

"Wọn ò fún mi ni," ni ó wí. "Mo sọ lójú àwọn ẹgbẹ́ mi pé n kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín torí ó pè mí ní Mọ́mì."

Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ kò tiẹ̀ pé ọjọ́ kan."

"Ẹ̀yin náà," ni ìyá wí, "ẹ máa yọ èèkàn lẹ́nu kí ẹ tó dá ọmọ lóhùn." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Àǹtí. Kò pariwo. "Ọmọ yìí kò tíì mọ orúkọ èèyàn. Ẹni tó bá ń bọ́ ọ, tó ń nu imú rẹ̀, tó ń gbé e nígbà tó bá ń sunkún, orúkọ tó dára jù lẹ́nu rẹ̀ ló fún un. Oyè ló fi ọ́ jẹ. Ìwọ wá sọ ọ́ di èébú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àǹtí lára ju pàṣán lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pọn Alága, ó sì lọ sí pápá. "Àbúrò mi nìyí," ni ó sọ fún wọn. "Irọ́ ni mo pa lánàá."

Ìlúmọ̀ọ́ká ju bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Má bínú. Àbúrò tèmi nílé, ìwé mi ló máa ń tọ̀ sí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí." Ni gbogbo wọn bá tún bú sẹ́rìn-ín, ti Àǹtí ló sì ròkè jù.

Wọ́n na ẹgbẹ́ Àǹtí nínú eré ọjọ́ náà, wọ́n nà wọ́n jìnnà, nítorí kò sí ẹni tó lè fò dáadáa tòun tọmọ lẹ́yìn. Kò dùn ún rárá. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ lẹ́nu tó fi ń tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sẹ́ ẹbí rẹ̀ nítorí ẹ̀rín ọ̀hún lè wá wọn títí kó má rí wọn mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn wa kì í ṣe ohun ìtìjú. Ká dá a mọ̀ lójú gbogbo ayé, ohun iyì ni.